Kìlómítà 11 péré, síbẹ̀ ata ò sí nílé: ọ̀rọ̀ ọjà àti abúlé wa lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Àgbòwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti oko dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Mo ní kí n gbé e wá síbí, bóyá ẹnìkan á rí nǹkan ṣe sí i.

Abúlé ìyá mi wà lẹ́yìn Àgbòwà, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Mo fi fóònù wọn ọ̀nà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ìsọ̀ aláta tó ń tajà lójoojúmọ́ tó súnmọ́ wa jù: kìlómítà 11. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí oúnjẹ jìnnà sí. Tó bá jẹ́ ará ìgboro, oúnjẹ jìnnà sí i tí ilé ìtajà oúnjẹ bá jìnnà sí i ju máìlì 1 lọ. Tó bá jẹ́ ará oko, àfi tó bá ju máìlì 10 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 16. Tí a bá fi ìyẹn wọn tiwa, oúnjẹ ò jìnnà sí ìyá mi rárá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ọjọ́ Sátidé ni mo dé. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀, ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì ná an kẹ́yìn. Mo ní kí n se ọbẹ̀ fún màmá. Wọ́n tú etí ìró wọn, ata rodo mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti hunjọ, ọ̀kan ti ń hu funfun nídìí. Wọ́n tún lọ sẹ́yìn ìkòkò omi, wọ́n mú ààbọ̀ àlùbọ́sà tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde, torí ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé. Wọ́n ní, "Rodo méjì lónìí, méjì lọ́la. Ọ̀túnla lọjà."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà ní abúlé. Ìńdómì ń bẹ, sùpàgẹ́tì ń bẹ, tòmátò inú ọ̀rá, ṣúgà, bisikíìtì, ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ń bẹ. Ẹ̀wà ti tán. Ẹ̀fọ́ ò sí, ẹja ò sí, ẹyin ò sí. Mo ní kí n gun ọ̀kadà lọ sí ìgboro, ọlọ́kadà ní ₦2,000 ni àlọ, ₦2,000 ni àbọ̀. Ata tí mo fẹ́ rà kò tó ₦2,000!

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti sọ fún màmá pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Wọ́n fẹ́ ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ibo ni wọ́n ti máa rí i láàárín ọjà sí ọjà? Iyọ̀ inú ìńdómì ló wà nítòsí wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín? Àwa tí a wà nígboro, kí la lè ṣe?

Aláta Ìtòkín

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Èmi wà lára àwọn tó máa ń gbé ata wọ irú abúlé bẹ́ẹ̀ nígbà kan. N kì í lọ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ láì fi nǹkan pa mọ́.

Ọjà Máìlì 12 l'Ékòó ni mo ti ń rajà. Aago mẹ́ta òru ni mò ń jí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti òkè Ọya wá ti lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta lójú títì kí n tó fojú kàn án. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń ṣomi. Tí mo bá dé Ìtòkín, màá da gbogbo rẹ̀ sórí àpò, màá ṣà á: líle lọ́tọ̀, rírọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti bẹ́ lọ́tọ̀. Rírọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tà lọ́jọ́ náà. Tí mo bá tún wá gbé e sórí ọ̀kadà, kí ọ̀kadà máa fò láti inú kòtò kan bọ́ sí òmíràn, kí ni mo fẹ́ gbé dé ọ̀hún? Ọbẹ̀ ni.

Tẹ́lẹ̀, owó ọkọ̀ ṣì ń jẹ́ kí èrè díẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà epo kúrò ní ₦185 bọ́ sí ₦488 l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan náà, ọlọ́kadà mi sọ iye tirẹ̀ di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Ata tí mò ń tà ní ₦500 n'Ìtòkín, mo ní láti tà á ní ₦800 lọ́hùn-ún. Àwọn ìyá arúgbó á gbé e, wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà sílẹ̀. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n abúlé ni a ń sọ yìí o! Kí ló dé tí a ń retí ata láti Máìlì 12? Búkẹ́ẹ̀tì tó ti là, ilẹ̀ dúdú díẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ, ẹ gbin rodo sí i. Bíi oṣù mẹ́ta, ẹ ti ń ká a. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kì í ra ẹ̀fọ́.

Baba Ẹlẹ́gbò

Ọmọ mi, òótọ́ ni ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ. Ìyàwó mi gbin rodo sínú búkẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku igi nìkan. A tún un gbìn, a ró ọgbà yí i ká, a sì jẹ ẹ́ títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kànga máa ń lọ sílẹ̀ débi pé omi tí a ó mu là ń dù. Ta ló fẹ́ bu omi sórí ata?

Ìdajì tó kù rèé. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kì í ra ẹ̀fọ́ torí pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn. Wá sí apá ọ̀dọ̀ wa kí o wo òpó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri. Wọ́n ti gé oko sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, wọ́n ti tà á fún ẹni tí kò ní wá kọ́lé síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Èmi náà fọwọ́ sí títà ìpín kan nínú ilẹ̀ ìdílé wa ní ọdún tí ọmọ mi wọ yunifásítì, ó sì ń dùn mí di òní. Odò kékeré tí ìyá mi ti máa ń bomi rin ẹ̀fọ́ wà nínú ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ti mọ ògiri yí i ká.

Ẹ̀gẹ́ ló kù tí à ń gbìn, òun ló lè fara da ilẹ̀ tó ti gbó. Gààrí ò wọ́n wa. Ohun tí a ó fi jẹ ẹ̀bà ló wọ́n wa.

Aya Apẹja

Mo fẹ́ sọ ti ẹja, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ará etí omi ṣe lè máa wá ẹja jẹ.

Ọkọ mi ń lọ sójú omi ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó ń dé ní ìdájí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oníbàárà wa ti dúró sí èbúté pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Òun ló yá wa lówó ra àwọ̀n, òun náà ló yá wa lówó tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, nítorí náà òun ló ni ẹja. Iye tó bá dá lé e la ó gbà. Àrọ̀ ńlá, ọ̀bọ̀kún, èyí tó bá níláárí, inú kúlà ló ń lọ, ó di ọjà Olúwo nínú Ẹ̀pẹ́, àwọn ará Lẹ́kí àti Àjáh á fi mọ́tò wá rà á níbẹ̀. Ẹ̀pìyà wẹ́wẹ́ ló máa ń kù fún wa.

Ẹ má rò pé ìwà burúkú ni mo fi kàn án. Tí kì í bá ṣe owó rẹ̀, kò ní sí àwọ̀n. Ṣùgbọ́n tí a bá tiẹ̀ fẹ́ dá ẹja dúró tà fún ará abúlé, yìnyín dà? Iná kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgboro là ń lọ ra yìnyín, a ó fi àpò àti lẹ́búlẹ́bú pákó wé e, tó bá fi máa dé, ìdajì ti di omi. Ẹja tí oòrùn bá bá nílẹ̀ láti àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ò ní bá a. Yíyan ni ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo, igi ìdáná sì ti di ohun tí à ń fowó rà.

Àti koríko orí omi yẹn! Láti 1984 tó ti gba ọ̀nà odò Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ yìí ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Tó bá ti bo ojú omi, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa lọ sọ́jà kò ní lè kọjá, á wé mọ́ àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá. Abúlé tó jẹ́ pé omi nìkan ni ọ̀nà rẹ̀, ẹ fọkàn rò ó.

Nọ́ọ̀sì Òkè Òkun

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí Ọmọ Àgbòwà ń sọ. Àbúrò mi, apá kan ni o gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Òótọ́ ni pé máìlì 10 ni wọ́n ń lò fún ará oko. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn kan náà tún ní òṣùwọ̀n mìíràn fún ilé tí kò ní mọ́tò. Tí àdúgbò kan bá ní ilé 100 tí kò ní mọ́tò, tí ilé ìtajà oúnjẹ sì jìnnà sí wọn ju ààbọ̀ máìlì lọ, ìyẹn bíi mítà 800, wọ́n ti ka àdúgbò náà mọ́ ibi tí oúnjẹ ti ṣòroó dé. Tí ẹ bá fi èyí wọn abúlé màmá, ẹ ti rí ìdáhùn.

Káúntì tí mo wà lápá gúúsù Amẹ́ríkà níbí, oko ni, àgbàdo àti òwú lójú ọ̀nà títí ojú ò fi ríran mọ́. Ilé ìtajà oúnjẹ kan ṣoṣo tó wà nílùú wa ti kógbá wọlé. Ilé ìtajà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ló kù: oúnjẹ inú agolo, ìpápánu, mílíìkì. Ewébẹ̀ tútù ò sí. Èmi ń wa mọ́tò ìṣẹ́jú 35 kí n tó rí ẹ̀fọ́ rà. Àwọn aláìsàn mi tó ti dàgbà, ìjọba ń san owó oúnjẹ sínú káàdì wọn lóṣooṣù, owó ń bẹ nínú káàdì, ẹni tí yóò gbé wọn lọ ni kò sí. Aládùúgbò tó bá fi mọ́tò gbé wọn ń gbowó. Mo ní ìyá arúgbó kan tí ṣúgà ń bá jà, tí èmi àti òun jọ jókòó ka ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ kan. Agolo ni gbogbo rẹ̀. Mo ronú kan màmá wa, omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí ni bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sátidé kejì àti ìkẹrin, ó ń kó àwọn àgbà láti ojúlé dé ojúlé, ó ń dúró dè wọ́n ní ilé ìtajà, ó ń gbé wọn padà. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀.

Ará Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidi. Àwa tí à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹ̀mẹ̀, ìyà tiwa ní orúkọ mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo kankan tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n ń lé àwọn onífàyàwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó ń gbé ìyá oníṣu lọ sọ́jà, inú ike ló ti ń ra epo, ní iye tó bá wu ẹni tó ń tà á. Owó yẹn, orí iṣu ló ń bọ̀. Àgbọn tiwa pọ̀ lóòótọ́, àgbọn kì í ṣe ọbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ torí ó máa ń ká mi lára. Apá ọ̀dọ̀ wa yìí ni ọjà wà rí! Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Èjìrín ni ọjà ńlá etí ọ̀sà tí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé. Omi ni títì wọn. Nígbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, wà ní Ẹ̀pẹ́ tó bá àwọn òyìnbó tọwọ́ bọ̀wé ní 1854, ọ̀rọ̀ èbúté àti òwò wà nínú rẹ̀, wọ́n gbà fún un pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Lẹ́kí. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, lẹ́yìn náà ni títì mọ́tò ń gorí ara wọn, ẹrù bá yà kúrò lórí omi. Ọjà kì í jókòó sí ibi tí ọkọ̀ kì í yà sí. Ohun tó ṣe Èjìrín nígbà yẹn náà ló ń ṣe abúlé màmá yìí.

Káfíńtà Kétu

Ẹ ti gbàgbé ilé ìkóúnjẹpamọ́ ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń kọ́ sí Kétu-Ẹ̀pẹ́? Tó bá parí, ṣebí oúnjẹ á ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ọmọ Àgbòwà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Inú mi á dùn tó bá parí. Ṣùgbọ́n àwọn aráàlú Èkó tó pọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n torí wọn ń kọ́ ọ, tírélà ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Oúnjẹ lè sùn sí Kétu kí ebi sì sùn sí ilé màmá mi, tí kò bá sí ọkọ̀ tó máa já èyí tó kéré lọ sí oko. Nígbà tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde ní oṣù Keje 2024 pé oúnjẹ oṣù Kẹfà ti fi ìdá 40.87 nínú 100 gbówó lórí ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ariwo ta nígboro. Àwọn ìyá abúlé ò gbọ́ ìkéde kankan. Wọ́n kàn dín rodo kù láti mẹ́fà sí méjì.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo yín, orí ọkọ̀ lẹ ń já sí. Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Díráfà Kórópe

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ni mò ń wà, Ìtòkín sí Àgbòwà. Mo mọ ọ̀nà abúlé yẹn. Ìdí tí a kì í fi í wọ̀ ọ́ ni pé tí o bá wọlé, òfìfo lo máa jáde. Èrò ò sí àfi ọjọ́ ọjà. Afárá igi kan náà wà níwájú tí kórópe kò gbọ́dọ̀ gùn tí òjò bá rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrù yàtọ̀ sí èrò. Tí ẹnìkan bá ṣa ọjà jọ fún mi n'Ìtòkín ní àárọ̀, tí wọ́n sì fi gààrí tàbí ẹja yíyan dí i fún mi ní àbọ̀, kì í ṣe òfìfo mọ́. Mo lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjà méjì, ní ọjọ́ kẹta ọjà. Mi ò ní gbà ju owó epo àti ₦3,000 lọ, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Mi ò lè ṣèlérí fún ìgbà òjò.

Aláta Ìtòkín

Díráfà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi á ṣa ẹrù náà. Iye tí mo bá rà á ni màá gbé e lọ, mi ò ní fi èrè kankan lé e ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ká wo bó ṣe máa rí. Líle nìkan ni màá fi ránṣẹ́, inú páálí la ó kó o sí, kì í ṣe àpò. Kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kó san án lọ́jọ́ ọjà, mo mọ̀ wọ́n, wọn kì í jẹ gbèsè.

Aya Apẹja

Ẹ̀pìyà yíyan wà lọ́dọ̀ mi tí kò kan oníbàárà. Màá máa dá búkẹ́ẹ̀tì kan sí fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn.

Ọmọ Àgbòwà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, màmá ní láti rìn dé ìdí igi ọsàn kí ohùn wọn tó já geere. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé iná fóònù ti kú. Wọ́n wá ní ojúlé mẹ́sàn-án ni àwọn lè sọ̀rọ̀ fún lálẹ́ yìí, pé ìyàwó ọlọ́ṣọ́ọ̀bù náà á dara pọ̀ torí pé òun náà ń wá ẹ̀wà.

Aláta Ìtòkín, ohun tí wọ́n ní kí n sọ fún yín nìyí: àlùbọ́sà kóńgò mẹ́ta, rodo kóńgò méjì, tàtàsé díẹ̀, ṣọkọ̀ ìdì mẹ́wàá, ẹ̀wà olóyin kóńgò mẹ́rin. Tòmátò, kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu sí i nígbà àkọ́kọ́ yìí, wọ́n ní á bẹ́ lójú ọ̀nà. Díráfà, iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa dúró sí. Wọ́n ń béèrè aago mélòó.

Díráfà Kórópe

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí wọ́n bá mi rán ọmọdé kan lọ wo afárá yẹn kí n tó wọlé.